Igi Tí Kì Í Yọ Ẹsẹ̀ Nínú Omi

Àbàtà kan wà ní àríwá Maine, lẹ́yìn ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́.
Kò lórúkọ lórí máàpù, àmọ́ gbogbo ilé wa mọ ọ̀nà rẹ̀ lókùnkùn.
Bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ẹ̀fọn bí èéfín.
Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ikùn ẹran tó sùn.
Ibẹ̀ ni áàṣì dúdú fi ṣe ilé.

Igi yòókù mọ ìwọ̀n ara wọn.
Firi gun orí òkúta lọ, kedari wá ebè dúró lé,
mépù ní omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ òun.
Áàṣì dúdú nìkan ló wọ inú rẹ̀ ṣinṣin,
nínú omi tí ewé rà sí títí ó fi dúdú bí tíì.

Ó máa ń pẹ́ jí.
Gbogbo igbó á ti wọṣọ tán, òun á ṣì wà níhòhò,
bí àgbà tí wọ́n pè síbi oúnjẹ tó ní òun ń bọ̀.
Òun náà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ṣọ kí òtútù tó kan ilẹ̀kùn.
"Ẹ má bú u ní ọ̀lẹ," ni ìyá àgbà mi Philomene wí.
"Ohun tó bá rọra dàgbà ni í tẹ̀ láì kán."

Sabattus, àbúrò rẹ̀, ló ń yan igi.
Ó lè wo ogún kó má mú ọ̀kan.
Èyí lọ́, èyí ní kókó.
Tó bá rí tirẹ̀, á fi tábà díẹ̀ sídìí rẹ̀,
á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè tí mo gbọ́ ìdajì rẹ̀,
kó tó gbé àáké.

Nílé, ẹ̀yìn àáké ni wọ́n fi ń lù ú.
Gbì. Gbì. Láti àárọ̀ dalẹ́,
títí ọdún kan á fi ṣí kúrò lára ọdún kejì,
gígùn, tútù, rírọ̀ bí bẹ́líìtì.
Ọdún ìkún omi nípọn bí awọ.
Ọdún tí wọ́n bí mi fẹ́lẹ́; Sabattus ní òjò wọ́n lọ́dún náà,
mo ní kì í ṣe ẹ̀bi mi.
Nínú irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣa ànàmọ́ lóko olóko,
agbọ̀n mẹ́rin, àgbá kan, kọ́bọ̀ díẹ̀.

Wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Èyí kò wá láti ìdí ẹ̀fọ́ wa.
Òkè òkun ló ti wá, nínú pákó àpótí ẹrù,
ó kéré, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀,
o lè fi ṣe yẹtí.
Ọmọ rẹ̀ ló burú: wọn á wọ abẹ́ èèpo,
wọn á máa kọ̀wé kọ́lọkọ̀lọ tí igi nìkan lè kà.
Tí ìwé náà bá yí i ká tán, ó parí.
Lọ́dún tó kọjá Sabattus wo ogójì igi.
Ó padà wálé pẹ̀lú tábà rẹ̀ nínú àpò.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́.
Philomene, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
dìde lọ ṣí fìríìjì, ó ti ẹran ìgalà sápá kan,
ó fa ìgò èso jáde: èso pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀ kékeré.
Ó ti fi pẹ́ńsù kọ "dúró ná" sára ìgò náà.

Èso yìí á sùn nínú ilẹ̀ fún ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta,
kó tó yọ imú.
Ó tún di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kó tó di agbọ̀n.
Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, mo panu mọ́.
Òun náà ti ṣírò tirẹ̀; mo rí i lójú rẹ̀.
"Wọ bàtà rẹ," ló wí.

Mo ki àtàǹpàkò bọ ẹrẹ̀.
Omi ti kún ihò náà kí n tó ju èso sí i.
Mo fẹ́ yí síbi tó gbẹ.
"Rárá," ni Philomene wí, ó di igi mú, omi dé orúnkún rẹ̀,
"ibẹ̀ gan-an ni."